Creatine Wo Ló Tó Rà? Ìfiwéra Àwọn Oríṣi Tó Wà Lórí Àtẹ

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ náwó kì í fẹ́ ká máa yí òun po. Creatine ni èròjà tó ń ran iṣan lọ́wọ́ láti rí agbára kíákíá, tí àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ń rà ní ìyẹ̀fun inú ike. Bí kò bá sí ìdí pàtàkì kan, creatine monohydrate lásán, tí wọn ò pò mọ́ ohunkóhun, ni kẹ́ ẹ rà. Òun ni owó rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ jù, òun náà ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti yẹ̀ wò jù. Ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ ni ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ibi tó ti lè má rí bẹ́ẹ̀ fún yín.

Àtẹ ti kún jù ni. Monohydrate wà níbẹ̀, HCl wà, nitrate wà, ethyl ester wà, èyí tí wọ́n ní wọ́n ti pa ásíìdì inú rẹ̀ wà, olómi wà, èyí tí wọ́n ṣe bíi súìtì rírọ̀ náà ti dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orin tó ń kọ lára ike rẹ̀: eléyìí ń yára wọ iṣan, tọ̀hún kì í jẹ́ kí ara gba omi. Owó wọn sì jìnnà síra wọn gan-an. Ohun tí kò sí lára ike kankan ni pé, bí wọ́n bá ti yòrò tán tí wọ́n dé inú ẹ̀jẹ̀, creatine kan náà ni èyí tí kò bá bàjẹ́ nínú wọn ń dà. Iṣan ò mọ̀ bóyá HCl lẹ mu àbí monohydrate. Ìbéèrè tó kù kò ju mẹ́ta lọ: mélòó nínú ìyẹ̀fun yẹn ló jẹ́ creatine gan-an? Ṣé kò ní bàjẹ́ kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀? Èló ni wọ́n ń tà á?

Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú iṣan

Iṣan kì í fi iyán tàbí ìrẹsì ṣiṣẹ́ ní tààrà. ATP, mólékù kékeré tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì, ló ń ná. Fọ́sféètì mẹ́ta ló so kọ́ra lára ATP. Bí iṣan bá fẹ́ sún kì, á já ọ̀kan kúrò, agbára á jáde, ATP á di ADP. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ATP tó wà nílẹ̀ nínú iṣan kò tó nǹkan. Bí èèyàn bá fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré, kò lè gbé e ju ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3 lọ. Ẹ wá wo eré 100 mítà onídènà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá ní Eugene, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022, tó fi di ẹni tó sá eré náà yá jù lágbàáyé: ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ni aago kà. (N ò sọ pé ó ń lo creatine o, àkókò rẹ̀ ni mo fi ń wọn nǹkan.) Bí ATP tó wà nílẹ̀ bá lè tán ní ìṣẹ́jú àáyá kẹta, kí ló ń gbé sárésáré dé òpin?

Phosphocreatine ló ń kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀. Creatine tó ti gba fọ́sféètì kan mọ́ra ni, iye rẹ̀ nínú iṣan sì tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ATP. Bí ADP bá ṣe ń pọ̀ báyìí, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ creatine kinase á gba fọ́sféètì lọ́wọ́ phosphocreatine, á fi lé ADP lọ́wọ́, ADP á tún di ATP. Kò dúró de ọ́síjìn, kò sì dúró de ṣúgà kó fọ́. Agbára tí phosphocreatine ń tú sílẹ̀ bó bá fi fọ́sféètì rẹ̀ sílẹ̀ tó nǹkan bíi kílójúùlù 43 fún móòlù kan, ti ATP kò sì ju nǹkan bíi 30.5 lọ, ìdí nìyẹn tí fọ́sféètì náà fi ń tètè kọjá sọ́dọ̀ ADP láìjanpata. Bó ṣe ń kọjá ni ó tún ń gba íónì háídírójìn kan mọ́ra, èyí tó ń dín ásíìdì inú iṣan kù díẹ̀.

Ẹ wo ìyá ọlọ́jà. ATP ni ṣéńjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, phosphocreatine ni owó tó ká sí etí ìró, ṣúgà àti ọ̀rá ni owó tó wà ní báńkì. Ti báńkì ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n oníbàárà tó nawọ́ gba ṣéńjì ò ní dúró dè é kó lọ tò sórí ìlà.

Owó etí ìró náà kì í pẹ́ tán. Bí èèyàn bá ń sáré tete, púpọ̀ rẹ̀ á ti lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ṣúgà á sì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí èèyàn bá wá dúró sinmi, ATP tuntun tí sẹ́ẹ̀lì ń fi ọ́síjìn ṣe á dá fọ́sféètì padà fún creatine. Ìdajì ohun tó lọ lè padà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù á sì padà láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 5. Àwọn tó ń gbé irin tó wúwo mọ èyí lára kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n nínú ìwé: bí wọn ò bá sinmi tó láàárín sẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì, irin tó rọrùn lẹ́ẹ̀kan á dà bíi pé wọ́n fi kún un.

Ọdún 1927 ni aráyé tó mọ phosphocreatine. Philip Eggleton àti Grace Eggleton rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cyrus Fiske àti Yellapragada Subbarow, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Harvard, rí i ní tiwọn lọ́dún kan náà. Creatine fúnra rẹ̀ ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ: Michel Eugène Chevreul, ará Faransé, ti yọ ọ́ jáde látinú omi ẹran lọ́dún 1832.

Ṣé ẹ tilẹ̀ nílò rẹ̀?

Kẹ́ ẹ tó fi ike kan wé òmíràn, ẹ kọ́kọ́ fi rírà wé àìrà. Ẹni tó ń gbé irin, tó ń sá eré kúkúrú, tó ń jìjàkadì, tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó ń sá, tó ń dúró, tó tún ń sá, onítọ̀hún ni iṣẹ́ yìí bá lára mu. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2012 gbà kí àwọn olùtajà kọ ọ́ sára ike pé creatine ń ran eré ìdárayá alágbára oníṣẹ́jú kúkúrú, tí a ń ṣe léraléra, lọ́wọ́, bí èèyàn bá ń lo gíráàmù 3 lójúmọ́. Ẹ ṣàkíyèsí bí gbólóhùn yẹn ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Kò sọ pé ó ń yọ ọ̀rá ikùn, kò sọ pé ó ń múni sáré dé Ìbàdàn.

Ẹni tó ń sá eré kílómítà 21 tàbí 42, ṣúgà àti ọ̀rá ló gbé púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ wá. Creatine lè tún fi kílò kan sí méjì kún un láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí omi máa ń tẹ̀lé creatine wọ inú iṣan, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni yóò sì gbé e. Èmi ò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ níyànjú láti náwó sí i. Àwọn àgbàlagbà tó ń gbé irin ti rí èrè díẹ̀ nínú ìwádìí, iṣan wọn pọ̀ sí i ju ti àwọn tó gbé irin nìkan lọ. Ẹ̀yìn irin ni creatine ń tọ̀, a ò lè jókòó gẹlẹtẹ ká máa retí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ike yìí nínú yàrá ọmọ, ẹ má bẹ̀rù pé sítẹ́rọ́ọ̀dù ni. Kì í ṣe òun. Kò sì sí lára ohun tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn èèwọ̀ nínú eré ìdárayá, kà léèwọ̀ fún eléré ìdárayá.

Àwọn oríṣi níwájú ara wọn

| Oríṣi | Creatine tó wà nínú gíráàmù 100 rẹ̀ | Bó ṣe ń yòrò nínú omi | Ṣé ó ju monohydrate lọ nínú iṣan? |
|---|---|---|---|
| Monohydrate | nǹkan bíi 88 | ó ń lọ́ra, ó ń sílẹ̀ sí ìdí ife | òun la fi ń wọn ìyókù |
| HCl | nǹkan bíi 78 | kíákíá | kò sí ẹ̀rí |
| Nitrate | nǹkan bíi 68 | kíákíá | kò sí ẹ̀rí |
| Citrate (creatine mẹ́ta mọ́ citrate kan) | nǹkan bíi 67 | ó sàn díẹ̀ | kò sí ẹ̀rí |
| Ethyl ester (èyí tí wọ́n so HCl mọ́) | nǹkan bíi 67, lórí ìwé | kíákíá | rárá, ó rẹlẹ̀ sí i |
| Èyí tí wọ́n pa ásíìdì rẹ̀ | ó kù sí ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn | bíi ti monohydrate | rárá |

Òṣùwọ̀n mólékù ni mo ti rí nọ́ńbà ìlà kejì, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìṣirò lè ṣe é. Creatine nìkan wọn 131. Monohydrate ni creatine tó gbé omi kan dání, ìyẹn sọ ọ́ di 149. Ẹ pín 131 sí 149, ẹ ó rí 88 nínú ọgọ́rùn-ún. HCl gbé ásíìdì dání, ó di nǹkan bíi 168, ó sì bọ́ sí 78. Bí ẹrù tí creatine gbé bá ṣe wúwo tó ni èyí tó jẹ́ creatine gan-an nínú ṣíbí yín á ṣe kéré tó.

HCl ni ìjà pọ̀ lé lórí, ẹ jẹ́ ká dúró tì í díẹ̀. Òtítọ́ ni pé ó ń yòrò ju monohydrate lọ fíìfíì. Monohydrate kò ju nǹkan bíi gíráàmù 14 lọ tó lè yòrò nínú lítà omi kan tó wà ní 20°C, èyí tó túmọ̀ sí pé gíráàmù 5 ń fẹ́ omi tó lé ní ìdá mẹ́ta lítà. Ẹni tó bá pò ó sínú ife kékeré á máa jẹ yanrìn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń ta HCl fẹ́ ká gbà ni pé, torí pé ó yòrò nínú ife, ó di dandan kó wọ iṣan jù. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn yapa. Monohydrate tí a gbé mì, ìfun ń gba èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí kò yòrò nínú ife. Kò sí àlàfo ńlá kankan níbẹ̀ tí HCl fẹ́ wá dí.

Nítorí ìlérí yẹn ni wọ́n ṣe ń sọ pé gíráàmù kan àbọ̀ HCl ti tó fún ọjọ́ kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: gíráàmù 1.5 HCl kò ju nǹkan bíi gíráàmù 1.2 creatine lọ. Gíráàmù 5 monohydrate jẹ́ 4.4. Bí ẹ bá wá rí ike HCl onígíráàmù 120 àti ti monohydrate onígíráàmù 300 tí wọ́n ń tà ní iye kan náà, 94 lẹ gbà nínú ti àkọ́kọ́, 264 lẹ gbà nínú èkejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lè dá ẹni tó ra HCl láre ni bí monohydrate bá ń yọ inú rẹ̀ lẹ́nu, tó sì ti gbìyànjú láti pín in sí méjì, kó mu ìdajì láàárọ̀, ìdajì lálẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi tó pọ̀, síbẹ̀ tí inú ṣì ń rùn. Àwọn bẹ́ẹ̀ wà, wọn ò pọ̀.

Èyí tí wọ́n pa ásíìdì rẹ̀, tí Kre-Alkalyn gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ń tà nítorí ẹ̀rù. Wọ́n ní ásíìdì inú ikùn ń ba creatine jẹ́ kó tó kọjá. Kẹ́mísírì ò gbè wọ́n. Lóòótọ́ ni creatine ń yí padà di creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń dà nù, nínú omi kíkan, ṣùgbọ́n bí ìkan náà bá ti le tó ti inú ikùn, mólékù creatine á gba íónì háídírójìn mọ́ra, ìyípadà yẹn á sì falẹ̀ gan-an. Kì í sì í pẹ́ nínú ikùn kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012 fi í wé monohydrate tààrà, kò sì sí ibi tó ti borí, yálà nínú iṣan tàbí nínú agbára.

Ethyl ester? Ẹ fi sílẹ̀. Èrò àwọn tó ṣe é ni pé bí wọ́n bá so ẹ́sítà mọ́ ọn, á lè gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá. Ohun tí ẹ́sítà náà ṣe ni pé ó mú kí creatine tètè ká mọ́ra di creatinine. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2009, creatinine ló gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lò ó, monohydrate sì ta á yọ nínú iṣan. Owó gọbọi, ìtọ̀ lásán.

Nitrate àti citrate ò pa èèyàn lára bí a bá lò wọ́n níwọ̀n, wọn ò sì ní ohun tí wọ́n fi ju ti àkọ́kọ́ lọ fún iye tí wọ́n ń gbà. Èyí tí wọ́n pè ní micronized, monohydrate náà ni, wọ́n kàn lọ̀ ọ́ kúnná sí i kó lè tètè pòpọ̀ mọ́ omi. Bí iye rẹ̀ ò bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ mú un.

Olómi àti oníṣúìtì

Ìbéèrè kejì, ti bíbàjẹ́, ibí ló ti le jù. Creatine tó gbẹ lágbára: bí ó bá wà nínú ike tó dé dáadáa, ó lè pé ọdún mẹ́ta láì yẹ̀, kódà nínú ooru. Bí omi bá ti kàn án, aago ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú omi tí ìkan rẹ̀ wà ní pH 5.5 (bí nọ́ńbà pH bá ṣe ń kéré ni omi ń kan sí i), tó wà ní 25°C, nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti di creatinine lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ní pH 4.5, ó di 12. Ní pH 3.5, ó di 21. Ẹ wá ro ti ìgò olómi tó ti lo oṣù mélòó kan nínú ọkọ̀ ojú omi, ní èbúté Apápá, àti nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná ò sí. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ nọ́ńbà gíráàmù sára rẹ̀ tí mo máa gbà á gbọ́.

Oníṣúìtì náà, tí wọ́n ń pè ní gummies, ní omi díẹ̀ nínú, ó sì sábà máa ń ní ásíìdì èso tó ń fún un ládùn. Bí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, gíráàmù 5 nínú rẹ̀ lè di súìtì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, ṣúgà ti wọlé sí i nìyẹn. Ìyẹ̀fun nìkan ni mo lè fọwọ́ sí.

Òfin yìí kan náà ló dé inú ilé ìdáná. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tíì, tàbí ògì gbígbóná ń jẹ́ kí monohydrate yòrò dáadáa, nítorí bí omi bá ṣe ń gbóná ni èyí tó lè gbà ń pọ̀ sí i. Ògì kan, zobo náà kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pò ó tí ẹ sì mu ún lójú ẹsẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí kò dáa ni kẹ́ ẹ pò ó sínú jọ́ọ̀gì zobo láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kẹ́ ẹ máa bù ú mu títí di Ọjọ́rú.

Ṣé oúnjẹ ò tó ni?

Ara wa ń ṣe creatine fúnra rẹ̀. Kíndìnrín ló máa ń fi arginine àti glycine bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ̀dọ̀ ló máa ń parí rẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70 ní nǹkan bíi gíráàmù 120 lára, nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì wà nínú iṣan. Nǹkan bíi gíráàmù 2 ń di creatinine lójúmọ́, tó ń bá ìtọ̀ lọ. Ara àti oúnjẹ ló jọ ń dí i.

Oúnjẹ tó ní in ni ẹran àti ẹja. Kílò kan ẹran màlúù tútù ní nǹkan bíi gíráàmù 4 àbọ̀. Ẹja ṣàwá ló pa wọ́n láyò, torí irú ẹja yẹn lè ní gíráàmù 6 àbọ̀ sí 10 nínú kílò kan. Ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti ewébẹ̀ ò ní in rárá, wàrà ní díẹ̀ bíńtín. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: kí ẹ tó rí gíráàmù 5 nínú ẹran màlúù, ẹ ó jẹ ju kílò kan lọ lójúmọ́, nínú ṣàwá, ìdajì kílò sí mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò. Iná sì máa ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di creatinine, òmíràn a sì yòrò sínú omi ọbẹ̀. (Ẹni tó bá da omi ẹran nù ti da ohun tí Chevreul rí nù.)

Bí ẹ bá ń jẹ ẹja lójoojúmọ́, tí ẹ ò sì ń gbé irin tó wúwo, oúnjẹ ti tó. Ẹni tí kò bá jẹ ẹran àti ẹja rárá ló máa ń rí ìyàtọ̀ jù bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìyẹ̀fun, nítorí ohun tó wà nínú iṣan rẹ̀ kéré láti ilẹ̀. Lọ́nà kejì, ẹni tí iṣan rẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀ lè lò ó kó má rí nǹkan kan. Ike kò burú, àyè ni kò sí.

Ẹ̀yin tí kì í jẹ ẹran nítorí ẹ̀sìn tàbí ìfẹ́ inú, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyẹ̀fun inú ike kì í ṣe ara ẹran. Ilé iṣẹ́ ló ń fi sarcosine àti cyanamide ṣe é nínú omi. Kápúsù nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́: gẹlatíìnì ara kápúsù lè jẹ́ ti màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Kápúsù náà tún ń fi owó kún un láìnídìí, torí ẹ ó gbé mẹ́fà, méje mì kẹ́ ẹ tó rí gíráàmù 5.

Kíkún un kíákíá, tàbí díẹ̀díẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ ni gíráàmù 20 lójúmọ́, tí a pín sí mẹ́rin, fún ọjọ́ 5 sí 7, kí á wá sọ̀ kalẹ̀ sí 3 sí 5. Roger Harris, onímọ̀ ìjìnlẹ̀, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi irú ọ̀nà yìí hàn lọ́dún 1992 pé creatine inú iṣan ẹ̀dá lè pọ̀ sí i láti ẹnu. Ọ̀nà kejì ni gíráàmù 3 lójúmọ́ láti ọjọ́ kìíní. Ìwádìí ọdún 1996 fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì ń dé ibì kan náà. Ti àkọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà, ti èkejì gba ọjọ́ 28.

Bí ẹ bá ní ìdíje lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gba ọ̀nà àkọ́kọ́. Bí kò bá sí ohun tó ń lé yín, ti èkejì ló wù mí. Ike kan máa pẹ́ lọ́wọ́ yín, inú ò ní rùn, omi tó ń wọ ara ò sì ní dé lójijì tí ẹ ó fi máa rò pé ẹ ti ń sanra. Bóyá kí ẹ mu ún kí ẹ tó ṣe eré ìdárayá tàbí lẹ́yìn rẹ̀ kò tó ohun tí à ń jà sí. Pẹ̀lú oúnjẹ ló dára jù, torí insulin, họ́mónù tí oúnjẹ ń gbé dìde, ń ran creatine lọ́wọ́ láti wọ iṣan.

Ti kíndìnrín

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bani lẹ́rù jù, ó sì yẹ ká là á yé ara wa. Nínú ara ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé, ìwádìí ọlọ́dún gígùn ò rí i kí creatine bà á jẹ́. Ohun tó ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ ni àyẹ̀wò. Iye creatinine inú ẹ̀jẹ̀ ni ilé ìwòsàn fi ń mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo creatine, tàbí tí iṣan rẹ̀ pọ̀, ní creatinine tó ga díẹ̀ láìṣàìsàn. Bí dókítà ò bá mọ̀, ó lè rò pé kíndìnrín ti ń kọṣẹ́. Ẹ sọ fún un kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì ṣe é ní iyèméjì, àyẹ̀wò cystatin C wà, òun ò tẹ̀lé creatine.

Bí ẹ bá ti ní àìsàn kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára, bí ẹ bá jẹ́ SS, bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń fún ọmọ lọ́yàn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 náà wà nínú wọn. N ò fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò sì mọ̀. Ẹ lọ wọn tiyín kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Bí ẹ bá ti dé iwájú àtẹ

Ẹ yí ike náà padà, kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ dípò iwájú. Ohun tó yẹ kí ẹ rí nínú àkọsílẹ̀ èròjà ni creatine monohydrate, kò gbọdọ̀ sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kọ àpòpọ̀ oní-nǹkan-púpọ̀ tí wọn ò sọ gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà. Àwọn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń mu kí wọ́n tó wọ jíìmù sábà máa ń ní creatine nínú, ṣùgbọ́n kaféènì ni ẹ ń sanwó fún níbẹ̀, creatine tó wà nínú wọn sì lè má tó gíráàmù 3.

Ní Nàìjíríà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń bá yín gbé e bọ̀ láti London tàbí Houston, ẹ ní kó wá àmì Informed Sport tàbí NSF Certified for Sport, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ eléré tí wọ́n máa ń yẹ ìtọ̀ wò. Àmì wọ̀nyẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ti wá oògùn èèwọ̀ nínú rẹ̀. Creapure tí ẹ lè rí lára àwọn ike kan, orúkọ ìyẹ̀fun tí ilé iṣẹ́ Alzchem ń ṣe ní Trostberg nílẹ̀ Jámánì ni. Ó mọ́ dáadáa, ó sì wọ́n díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n ò ní sọ pé dandan ni.

Ṣíbí inú ike kì í bára mu láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹ fi òṣùwọ̀n wọn án lẹ́ẹ̀kan kí ẹ mọ ibi tí gíráàmù 5 dé. Ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ, ẹ má fi ṣíbí tútù bù ú. Bó bá wú di òkúta, ẹ fọ́ ọ. Ọ̀rinrin díẹ̀ ló fà á, kò tíì bàjẹ́ nítorí ìyẹn nìkan. Bí owó bá sì há lóṣù kan, ẹ má lọ yáwó tìtorí rẹ̀: ohun tó ti wọ iṣan kì í jáde lọ́jọ́ kan, ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó padà sí iye tó wà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.